Kí Ẹ Tó Ra Mọ́tò Rìmóòtù Àkọ́kọ́

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ra mọ́tò rìmóòtù kan fún un ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan n'Íbàdàn. Pupa fòò ni, iná iwájú rẹ̀ ń tàn yanran, wọ́n sì kọ nọ́ńbà eré ìje sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló fi kọ lu ìdí ògiri kànga, ni ohun tó gbé táyà iwájú ọ̀tún dúró bá kán. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni o, kò gùn ju ọmọńdinrín ìka lọ. Mo gbé e padà lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n ta irú rọ́bà yẹn fún mi. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wò mí bí ẹni pé mo jẹ adìẹ tán, mo tún wá ní kí wọ́n ta ẹsẹ̀ kan kún un. "Bọ̀dá, a kì í ta ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kúkú ra òmíràn."

A fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Ó tún kán lọ́jọ́ kejì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí dòní, iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú mọ́tò rìmóòtù wo ni kí òun kọ́kọ́ rà, n kì í bẹ̀rẹ̀ látorí eré sísá. Mo máa ń bi onítọ̀hún pé: lọ́jọ́ tó bá kán ńkọ́? Torí pé yóò kán. Ọkọ̀ kékeré tí ẹni tí kò wà á rí fi ń sáré bí ọ̀kadà ládùúgbò, ibi tó máa forí sọ kò jìnnà.

Ìsọ̀rí méjì ni mọ́tò rìmóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè jọra bí ìbejì lórí àtẹ. Ìsọ̀rí kìíní jẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé lásán. Ẹni tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀ kí páálí tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Orí pátákó kan ṣoṣo ni wọ́n jó gbogbo wáyà rẹ̀ mọ́, bí ibì kan bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ìsọ̀rí kejì ni èyí tí àwọn àgbà pàápàá ń rà, tí wọ́n fi ń díje. Ohunkóhun tí ẹ bá rí lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, látorí apá tó di táyà mú dé orí béárìn tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé, ẹ sì lè rà á lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohun tí rìmóòtù ń wí dá dúró. Èyí tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì (àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pe ẹ́ńjìnnì yẹn ní dáínámò) dá dúró. Servo tó ń yí táyà iwájú náà dá dúró. Inú ìsọ̀rí kejì yìí ni ìbéèrè ti ń jáde pé ṣé ká ra èyí tí wọ́n ti tò tán ni, àbí ká fọwọ́ ara wa tò ó. Ẹni tó bá ṣì wà nínú ìsọ̀rí kìíní ò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Èyí tí wọ́n ti tò tán dà bí àmàlà lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ: ẹ jókòó, wọ́n bù ú, ẹ wẹwọ́. Traxxas Slash ni mo sábà máa ń tọ́ka sí. Ilé iṣẹ́ Traxxas ní ìpínlẹ̀ Texas ló gbé e jáde ní 2008, wọ́n fi ṣe àwòkọ àwọn píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń sáré ìje lórí ilẹ̀ eléruku l'Ámẹ́ríkà. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Wọ́n ti kun ara rẹ̀, wọ́n ti de gbogbo síkírù, rìmóòtù wà nínú páálí, àwọn kan tilẹ̀ ń bá bátìrì àti ṣájà wá. Kí ẹ gba iná sí bátìrì ló kù, ó di ìta. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde yẹn, ó lè sá ju kìlómítà 40 lọ ní wákàtí kan, èyí tó ju ohun tí alákọ̀ọ́kọ́wà nílò lọ dáadáa.

Èyí tí a óò tò fúnra wa ni èlùbọ́. Ẹni tó ra èlùbọ́ délé ṣì ní láti wá ìkòkò, omi, iná àti orógùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á rí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Tamiya lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí i pé iye tí wọ́n kọ sí i kéré sí ti Slash, wọ́n á yára sanwó. Ìgbà tí páálí bá dé ni wọ́n á wá mọ̀ pé kò sí rìmóòtù níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ, kò sí servo, kò sí bátìrì, kò sí ṣájà. Ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn kan sì máa ń fi ẹ̀rọ tó ń pín iná kún un. Ìyókù dọwọ́ yín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ tó ní ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ. Nígbà tí mo ro tèmi pọ̀, ẹ̀dínwó tí mo ti ń fi yangàn ti fò lọ.

Ìlú Shizuoka ní Jàpáànù ni Tamiya fi ṣe ibùjókòó. Porsche 934 ni ọkọ̀ rìmóòtù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ní 1976. Nígbà tí wọ́n ń múra àtiṣe é, wọ́n ra Porsche 911 gidi kan, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè rí inú rẹ̀ dáadáa. Ìwà títú-palẹ̀ yẹn ò kúrò lára ohun tí wọ́n ń tà. Grasshopper, tí wọ́n gbé jáde ní 1984 tí wọ́n sì tún padà ṣe ní 2005, ni mo rà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Alẹ́ mẹ́ta la fi tò ó lórí tábìlì oúnjẹ. Ní alẹ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ò bá èmi àti ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, torí pé orí itan ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Mo to abọ́ tánganran mẹ́fà kalẹ̀. Síkírù inú ọ̀rá kan, abọ́ kan. Síkírù wọn pọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àmọ́ èyí tó fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ lè la rọ́bà kọjá lọ fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ. Nínú ìwé tó bá a wá, àwòrán ló pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ya síkírù kọ̀ọ̀kan bó ṣe tóbi gan-an, ẹ ó kàn gbé ti ọwọ́ yín lé àwòrán náà láti mọ̀ bóyá òun ni. Ọmọ tí kò tíì lè ka gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè fi tò ó. Ohun kan tí ìwé náà ò tẹnu mọ́ ni síkírù-díráífà. Ẹnu síkírù Jàpáànù kò bá ẹnu èyí tí à ń rà lọ́jà wa mu gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbélébùú ni àwọn méjèèjì ní lórí. Bí díráífà bá ń yọ̀ nínú rẹ̀, yóò jẹ ẹ́ lórí. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JIS sí lára.

Inú rọ́bà ni púpọ̀ nínú àwọn síkírù náà ń wọ̀, àwọn fúnra wọn ló sì ń la ọ̀nà. Ọmọ yìí lágbára lọ́wọ́. Ó ń dè é bí ẹni ń de nọ́ọ̀tì táyà dánfó. Mo ní, "Dúró níbi tó bá ti le díẹ̀. Tó o bá tì í kọjá ibẹ̀, ihò á fẹ̀, kò ní dì mọ́ títí ayé." Ó ba ihò kan jẹ́ kó tó gbà mí gbọ́.

Nígbà tí a dé orí gíà ẹ̀yìn ló tó dákẹ́. A to àwọn gíà kéékèèké náà síra, a fi gíríìsì díẹ̀ sí i, a pa ilé rẹ̀ dé, a fi táyà méjèèjì sí i. Ó yí táyà ọ̀tún síwájú, ti òsì ń yí sẹ́yìn. Ó tún yí i. "Ọ́ńkù, a ti bà á jẹ́." A ò bà á jẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń rọ́nà yà nìyẹn: táyà tó wà lápá òde gbọ́dọ̀ sáré ju èyí tó wà lápá inú lọ, nítorí pé ọ̀nà tirẹ̀ ló gùn. Ẹni tó bá ti ṣe máàṣì páàsì rí nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n: bí ìlà bá fẹ́ yà, ẹni tó wà létí inú á máa tẹsẹ̀ lójú kan, ẹni tó wà létí òde á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Mo ní kó lọ wo abẹ́ mọ́tò bàbá ẹ̀. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ lálẹ́ náà.

Alẹ́ kẹta ló kù díẹ̀ ká kọsẹ̀. Servo ní apá kékeré kan tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Kí ẹ tó fi apá yẹn sí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan rìmóòtù, kí ẹ wá tan ọkọ̀, kí servo fúnra rẹ̀ lọ dúró ní àárín. Ẹni tó bá kàn fi í sí i bó ṣe bá a, ọkọ̀ rẹ̀ á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti fi gbá òpó rí. Ibi tí a ti ń múra àtiṣe èyí ni wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì ò sì tíì gba nǹkan kan. A ò lè tò síwájú, a ò sì lè wà á. A lọ sùn.

Ara Grasshopper jẹ́ rọ́bà funfun líle, ẹ lè kàn lẹ sítíkà mọ́ ọn kí ẹ máa lọ. Hornet, ọkọ̀ Tamiya mìíràn tí òun náà jáde ní 1984, kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà mímọ́ gaara bí ike omi ni ara tirẹ̀, inú ni wọ́n sì ti ń kùn ún. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé bó bá yí gbirigbiri lórí òkúta, rọ́bà ìta ló máa họ, ọ̀dà ò ní họ. Àmọ́ iṣẹ́ náà dorí kodò sí ohun tí akunlé mọ̀: ìlà àti àwọ̀ dúdú lẹ ó kọ́kọ́ kùn, kí ẹ tó fi àwọ̀ tó fẹ̀ bò wọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ṣe é lódì, ìlà rẹ̀ wọlé nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ọkọ̀ tí a tò yìí náà kán. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni, létí gọ́tà. Ọmọ náà gbé e wọlé, kò sunkún. Ó lọ mú ìwé tó bá a wá, ó ṣí i síbi tí apá iwájú wà, ó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sí mi létí kí n tó bọ́ bàtà tán.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ra Slash gbádùn tirẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí gíà ńlá inú rẹ̀, tó jẹ́ rọ́bà, jẹ eyín, ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Gíà tuntun ò wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sún ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn ni iṣẹ́. Bí gíà méjèèjì bá há mọ́ra jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Bí wọ́n bá jìnnà síra, eyín á tún jẹ. Pépà ìwé àkọsílẹ̀ ni mo ní kó ya. Ẹ ki í sáàárín gíà méjèèjì, ẹ ti ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn dáadáa, ẹ de síkírù rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yí gíà kí pépà náà jáde. Àyè tí pépà fi sílẹ̀ ni gíà nílò, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é kó tó bọ́ sí i. Torí náà, kò sẹ́ni tí kò ní tò ó. Ẹni tó ra èyí tí wọ́n ti tò tán kàn sún ọjọ́ títò síwájú ni, yóò sì ṣe é pẹ̀lú ìbínú, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò rìn.

Síbẹ̀ n kì í ní kí gbogbo èèyàn lọ ra èlùbọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá á ti sùn kí ẹ tó de síkírù kẹẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun máa fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, tó kàn fẹ́ dán an wò: kí onítọ̀hún ra èyí tí wọ́n ti tò. Ohun kan tí mo ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó tú táyà mẹ́rin àti ara ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kìíní, kó sì tún un tò, kó lè mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Bátìrì ló ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Irú méjì lẹ máa bá pàdé. NiMH ni èyí tó gba ìyà: ẹyin mẹ́fà, ìyẹn bátìrì kéékèèké tí wọ́n so pọ̀, ló sábà máa ń ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7.2. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. LiPo fúyẹ́, ó sì lágbára jù ú lọ, ẹyin méjì rẹ̀ jẹ́ fóòtì 7.4, ṣùgbọ́n kò gba ìgbàkugbà. Ẹyin kan ò gbọ́dọ̀ gba ju fóòtì 4.2 lọ, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 3 lọ. Ẹ má fi sí ṣájà kí ẹ lọ sùn, ẹ má sì lo ṣájà NiMH fún un; ó lè wú, ó lè gbiná. Ẹ wo ṣájà náà dáadáa. Bátìrì 3000 mAh tí ẹ fi sórí ṣájà tó ń fún un ní 500 mA, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà ni, ẹ sì mọ̀ bí iná wa ṣe rí. Bí wọ́n bá rà á wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn ṣájà. Bí wọn ò bá kọ 100–240V sí i, tó jẹ́ 120 nìkan ni, iná wa máa jó o lọ́jọ́ kìíní.

Ìbátan yín tó ń ti London tàbí Houston bọ̀ lè bá yín gbé ọkọ̀ sínú báàgì ńlá, kò sí ìjà. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó dá wà ò gbọ́dọ̀ wọ báàgì tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàlúù. Àpò ọwọ́ ni kó fi í sí, kó sì fi téèpù bo ẹnu wáyà rẹ̀. Àwọn tí à ń lò fún ọkọ̀ báyìí ò tó 100 Wh tí àwọn ilé iṣẹ́ bàlúù fi ṣe òdiwọ̀n: fóòtì 7.4 ní 5000 mAh, 37 Wh ni.

Lórí rìmóòtù, ẹ rí i pé 2.4 GHz ló ń lò. Àwọn ti àtijọ́ àti púpọ̀ nínú ti ọmọdé ń lo 27 MHz, ẹni méjì tó bá sì wà lórí ọ̀nà kan náà á máa da ara wọn láàmú. Mo rí i ládùúgbò wa lọ́dún Kérésì kan: ọmọ kan ń tẹ rìmóòtù nílé wọn, mọ́tò ọmọ kejì ń wọ inú ilé aládùúgbò lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àlùfáà. Bó ti wù kó jẹ́, rìmóòtù lẹ máa kọ́kọ́ tàn, ọkọ̀ lẹ sì máa kọ́kọ́ pa.

Ilẹ̀ tí ẹ máa wà á sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ máa rí TT-02 ti Tamiya, ó rẹwà, ó jọ mọ́tò gidi, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Orí ọ̀dà tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Lójú ọ̀nà wa tó jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Irú Grasshopper, Hornet tàbí Slash, tí wọ́n gbé ikùn sókè, ló bá wa mu. Nígbà ọyẹ́, eruku á wọ gbogbo ibi tó bá lè wọ̀. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ni Tamiya fi sí àwọn kan nínú èyí tí kò wọ́n, eruku á sì jẹ ẹ́. Ẹ ra béárìn dípò rẹ̀ kí ẹ tó tò, kí ẹ má baà tún un tú. Nọ́ńbà 1150 tẹ́ ẹ máa rí lórí púpọ̀ nínú wọn, mílímítà 11 ni ìbú ìta, 5 ni ihò inú. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré lẹ máa fi gbọn eruku lára gíà tó bá ṣí síta. Ẹ má da epo sí i, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Èmi ò jẹ́ fi Slash dípò Grasshopper fún ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tó bá ṣáà ní àgbàlagbà kan tí yóò jókòó tì í. Fún ẹni tó fẹ́ wà á lọ́jọ́ Sátidé yìí, Slash ni, mi ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé, "Bí apá iwájú bá kán, ṣé ẹ ní in?" Bó bá ní kí ẹ kúkú ra òmíràn, ẹ dá owó yín padà sápò. Bó bá sì ní òun ní in, ẹ ra méjì kún un lọ́jọ́ náà gan-an.